Oòrùn Kàtàrí ní Ajah: Ibi Tí Aago Èkó Ti Ṣẹ̀ Wá

Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin lọ́dọọdún, oòrùn a máa dúró lórí àtàrí gan-an ní Lekki àti Ajah. Bí ènìyàn bá ri ọ̀pá tó ga ní mítà kan mọ́ ilẹ̀ títẹ́jú ní Ajah lọ́jọ́ náà, nígbà tí aago bá lu méjìlá ọ̀sán, òjìji ọ̀pá yẹn yóò ṣì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 21, yóò sì nà sí apá ìwọ̀ oòrùn, lọ́nà Victoria Island. Ó di nǹkan bí ìṣẹ́jú 48 lẹ́yìn aago méjìlá kí òjìji náà tó wọ abẹ́ ọ̀pá lọ. Oòrùn kò pẹ́ dé. Aago wa ló yá.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ilé ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, èyí tó já sí dígírì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ajah wà ní nǹkan bí dígírì 3.57 sí ìlà oòrùn Greenwich, ní London, nítorí náà ọ̀sán tirẹ̀ fi ìṣẹ́jú 14 àti díẹ̀ ṣáájú ti Greenwich. Ṣùgbọ́n odindi ìṣẹ́jú 60 ni aago Nàìjíríà fi ṣáájú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kù nínú 48 náà, ọwọ́ oòrùn ló wà, torí kì í rìn ní ìwọ̀n kan náà yípo ọdún: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, oòrùn máa ń kàtàrí ní Ajah ní nǹkan bí aago 12:29, láàárín oṣù Kejì, ó ń tó aago kan. Àwọn ládàánì àdúgbò náà mọ èyí dáadáa, nítorí irun Àìlà kì í wọlé àfi tí oòrùn bá ti yẹ̀ kúrò lágbedeméjì ọ̀run.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Greenwich la ti ń kà á? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1884 ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 25 pàdé ní Washington, tí 22 nínú wọn sì dìbò pé Greenwich ni kí gbogbo ayé ti máa ka ìlà òòró. Làìbéríà nìkan ló ti ilẹ̀ Áfíríkà wá. Lónìí, kì í ṣe oòrùn Greenwich ni wọ́n ń wò láti mọ àkókò mọ́. Láti ọdún 1967, mímì átọ́ọ̀mù késíọ̀mù ní ìgbà 9,192,631,770 ni wọ́n ń pè ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àjọ kan ní Sèvres, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris, ló ń kó ohun tí aago átọ́ọ̀mù tó lé ní 400 káàkiri ayé ń sọ jọ, tí ó fi ń ṣe àkókò tí wọ́n ń pè ní UTC. Nítorí pé yíyí ayé kò ṣe déédéé, wọ́n ti fi ìṣẹ́jú àáyá 27 kún un láti 1972. Èyí tó kẹ́yìn bọ́ sí ìparí ọdún 2016 ní Greenwich. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, aago kan òru ọjọ́ kìíní ọdún 2017 ló kù díẹ̀ kó lù, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ṣì wà ní ìsìn àìsùn ọdún tuntun.

Ìjọba ló ń pinnu iye tí orílẹ̀-èdè yóò fi kún UTC tàbí tí yóò yọ kúrò. Ìtàn Èkó fi èyí hàn kedere. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1905, ìjọba amúnisìn ní kí wọ́n dá aago padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35, kó lè bá ti Greenwich mu. Nígbà tó di oṣù Keje 1908, wọ́n tún padà sí àkókò oòrùn Èkó. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1914, tí wọ́n da Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá, ni wọ́n mú ààbọ̀ wákàtí ṣáájú Greenwich. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1919, wọ́n sọ ọ́ di wákàtí kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún 14!

Lójú tèmi, ti 1914 ló bá ilẹ̀ wa mu jù. Ìlà òòró dígírì 7.5 tí wọ́n gbé e lé gba agbègbè Enugu àti ibi tí Àbújá wà lónìí kọjá. Ìlà dígírì 15 tí a ń tẹ̀lé báyìí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Nàìjíríà rárá; Kamẹrúùnù àti Ṣáàdì ló gbà kọjá. Òótọ́ ni pé odindi wákàtí rọrùn fún òwò àti ọkọ̀ òkun, ṣùgbọ́n Íńdíà ń lo wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀, òwò rẹ̀ kò sì dúró.

Ẹ wo àwọn ìbátan wa. Kétu àti Sábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin ń lo aago kan náà pẹ̀lú wa. Àwọn Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé ní Togo ń lo ti Greenwich. Ẹni tó bá kúrò ní Ajah, tó gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, kò ní í fọwọ́ kan aago rẹ̀ títí yóò fi dé Hillacondji, ní ẹnubodè Benin àti Togo, níbi tí yóò ti dá a padà ní ìṣẹ́jú 60. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni oòrùn fi pẹ́ níbẹ̀ ju ti Ajah lọ.