Yíyá Kì í Ṣe Títà

Ní ọdún 2021, èdè Dagbani, tí wọ́n ń sọ níbí ní Tamale, ní Wikipedia tirẹ̀. Iṣẹ́ ńlá kan ló ṣáájú. Kí èdè kan tó débẹ̀, àwọn tó ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ojú MediaWiki, sọ́fítíwíà tó gbé Wikipedia ró. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ náà. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló wá ni ín?

Àwọn tó ṣe é ló ni ín. GPL, láísẹ́ńsì MediaWiki, àti CC BY-SA ti Wikipedia kò gba ẹ̀tọ́ kọ́píráìtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyọ̀ǹda lásán ni wọ́n. Ó dà bí ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa fún àlejò dáko. Àlejò ń jẹ èrè ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní onílẹ̀. Nínú CC BY-SA, dídárúkọ ẹni tó kọ iṣẹ́ ni ìṣákọ́lẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló rí bẹ́ẹ̀. Free Software Foundation, tí Richard Stallman dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1985, máa ń ní kí àwọn tó ń kọ ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ GNU fọwọ́ síwèé, kí ẹ̀tọ́ wọn di ti àjọ náà. Ìdí wà ńbẹ̀: ó rọrùn fún onílẹ̀ kan ṣoṣo láti pe arúfin lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n Linux dàgbà láìgba irú ìwé bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì di 2021 kan náà, iṣẹ́ GCC ti GNU kò sọ ọ́ di dandan mọ́.

Ewu wà nínú ìwé. Ilé-iṣẹ́ HashiCorp gba àdéhùn tó fún un lágbára púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìta tó bá a kọ Terraform. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó gbé Terraform kúrò lábẹ́ láísẹ́ńsì ọ̀fẹ́. Àwọn tó làágùn sí i kò lè dá a dúró. Ẹ̀dà àtijọ́ ni àwọn kan mú, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ OpenTofu.

Òfin kọ́píráìtì Ghana ti 2005 ń dáàbò bo iṣẹ́ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Ìwé tí a bá fọwọ́ sí lónìí lè de ọmọ-ọmọ wa. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé wá nítorí èdè wa, ì báà jẹ́ Dagbani tàbí Yorùbá, ẹ jẹ́ ká kà á dópin ká tó fọwọ́ sí i. Ṣé wọ́n fẹ́ yá a ni, àbí wọ́n fẹ́ rà á?