Ìbọn àti Òfin: Ohun tí Ìtàn Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ Kọ́ Wa

Àwọn àgbà a máa wí pé, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, kò sí ẹni tí yóò gbà kí a dojú rẹ̀ kọ òun. Ọ̀rọ̀ yìí kúrú, ṣùgbọ́n ó kó gbogbo àríyànjiyàn tí ó wà lórí ìbọn sínú. Ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ a máa wí pé ààbò ni òun fi í ṣe; ẹni tí a dojú rẹ̀ kọ kì í rí ààbò kan níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa lónìí, nígbà tí àwọn ajínigbé ń dènà de èrò lójú ọ̀nà, tí àwọn ìgárá ọlọ́ṣà sì ń fọ́ ilé onílé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bèèrè pé: Èé ṣe tí òfin fi di ẹni rere lọ́wọ́, nígbà tí ẹni búburú kì í tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó ní ìbọn? Àwọn mìíràn sì ń dáhùn pé, bí ìbọn bá wọ gbogbo ilé, ìjà aládùúgbò tí ó ti ń parí níwájú baálé yóò máa parí sí ibojì.

A kò fẹ́ fi ìbínú dá ẹjọ́ yìí. Ìtàn ni a fẹ́ pè wá jẹ́rìí, a kò sì ní rìn jìnnà kí a tó rí i. Ìlú kan wà ní Èkó tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ jagunjagun; omi kan sì wà nítòsí rẹ̀ tí a kò lè dárúkọ láìrántí òkú. Ìlú náà ni Òṣòdì. Omi náà ni ti Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Orúkọ Òṣòdì kò ṣeé yà kúrò lára Òṣòdì Tápà, ọmọ ilẹ̀ Núpé tí a mú wá sí ààfin Èkó gẹ́gẹ́ bí ẹrú nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì di olórí ogun fún Ọba Kòsọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Èkó, a sì lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, wọ́n tún dé. Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ to ìbọn àti àgbá sí etí ọ̀sà, wọ́n sì jà bí akọni, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì kú, tí ọ̀pọ̀ sì fara gbọgbẹ́ nínú ogun náà. Ṣùgbọ́n àgbá inú ọkọ̀ ojú omi borí ti etí ọ̀sà. Iná jó Èkó, Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì Tápà sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn ará Èkó sọ ogun náà ní Agídìngbì, nítorí ìró àgbá tí wọ́n gbọ́.

Ẹ wá kíyèsí bí ó ti padà wálé. Ní 1854, Kòsọ́kọ́ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá májẹ̀mú ní Ẹ̀pẹ́ pé òun kò ní gbógun ti Èkó mọ́. Ní 1862, òun àti Òṣòdì Tápà padà sí Èkó ní àlàáfíà, àwọn ènìyàn wọn sì tẹ̀dó sí ibi tí à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Ìbọn ni ó lé jagunjagun yìí kúrò nílé. Àdéhùn ni ó dá a padà.

Ìbọn kì í ṣe ohun àtọwọ́dọ́wọ́ ilẹ̀ wa. Láti òkè òkun ni ó ti wá, ohun tí a sì fi rà á burú púpọ̀, nítorí pé ènìyàn ni. Ìjòyè tí ó bá fẹ́ ìbọn yóò ta ẹrú. Kí ó tó rí ẹrú tà, yóò jagun. Kí ó sì tó lè jagun, yóò tún ra ìbọn sí i. Báyìí ni ìbọn ń bí ogun, tí ogun sì ń bí ìbọn. Nígbà ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1820 sí i, àwọn Ìjẹ̀bú tí ó súnmọ́ etí òkun ti ní ìbọn, nígbà tí ó jẹ́ pé idà àti àdá ni àwọn Òwu gbójú lé. Àwọn Òwu kì í ṣe ojo, ṣùgbọ́n a run ìlú wọn. Láti ìgbà náà ni ìlú gbogbo ti mọ̀ pé ẹni tí kò ní ìbọn wà lábẹ́ àánú ẹni tí ó ní i.

Kí a má ṣe ojúsàájú: ẹni tí ó wí pé ìbọn ti gba ìlú là rí kò purọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, ogun Dahomey kọlu Abẹ́òkúta. Bí ó bá ṣe pé ọwọ́ òfìfo ni àwọn Ẹ̀gbá fi dúró lẹ́yìn odi wọn, à bá ti kó àìmọye nínú wọn lẹ́rú, ìtàn ìlú náà ì bá sì ti yí padà. A kò lè bá wọn wí nítorí pé wọ́n gbé ìbọn. Ẹni tí ó bá ń sọ fún ènìyàn pé kí ó má gbé ohun ìjà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò dúró lẹ́nu odi fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí apá méjèèjì di ìhámọ́ra. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàrín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ní 1877 ni à ń pè ní Kírìjì. Orúkọ ìró ìbọn ni èyí náà, gẹ́gẹ́ bí Agídìngbì. Ààrẹ Látòósà ni ó ṣíwájú Ìbàdàn; Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ni ó ṣíwájú ogun Èkìtìparapọ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ń gbé Èkó ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí a ń kì láti ìdí, tí ó yá ju ṣakabùlà lọ tí ọta rẹ̀ sì ń lọ jìnnà. Àwọn tí wọ́n rò pé ìbọn wọ̀nyí yóò tètè parí ogun kò rí i bẹ́ẹ̀. Apá kan kò lè lé ìkejì lọ. Ibùdó ogun di ìlú, a bí ọmọ síbẹ̀, Látòósà fúnra rẹ̀ sì kú sí ojú ogun ní 1885. Ní 1886, àwọn ìránṣẹ́ ìjọba Èkó, tí Àlùfáà Charles Phillips àti Àlùfáà Samuel Johnson wà nínú wọn, ń lọ láti ibùdó kan dé èkejì títí a fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Lóòótọ́, ìjà Ìbàdàn àti Ìlọrin ní Ọ̀fà kò tán títí di 1893. Ṣùgbọ́n ohun tí ìbọn kò lè parí ní ọdún 9, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé ni ó parí rẹ̀.

Òfin náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pẹ̀lú àwọn mìíràn pé jọ ní ìlú Brussels, wọ́n sì ṣe òfin láti pa òwò ẹrú run. Nínú òfin yìí wọ́n ka kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà léèwọ̀. Ìbọn àtijọ́ tí òkúta ìṣáná ń tan iná sí ẹ̀tù rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún òwò. Ìdí tí wọ́n sọ dára, nítorí ìbọn ni ó ń bọ́ òwò ẹrú. Ṣùgbọ́n òfin náà di ọwọ́ kan, ó sì tú ìkejì sílẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ogun ìjọba amúnisìn kò sí lábẹ́ èèwọ̀ náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ní Ìmagbọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim, tí ń tu ọta bí òjò, bá àwọn Ìjẹ̀bú jà, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Láti ibẹ̀ ni ìfura ti wọ ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, pé nígbà tí ìjọba bá ní kí a kó ìbọn sílẹ̀, ó fẹ́ kí tirẹ̀ nìkan ṣẹ́kù. Ìfura yìí kò tíì kú.

Òfin Ìbọn tí a ṣe ní 1959, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ni ìpìlẹ̀ òfin tí a ń lò. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìkíní ni èyí tí a kà léèwọ̀: àgbá, bọ́m̀bù, ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ní in láìsí ìwé àṣẹ olórí orílẹ̀-èdè. Ìkejì ni ìbọn ọdẹ ìgbàlódé, tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá lè fúnni ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìkẹta ni ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa, tí àṣẹ rẹ̀ wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀. A kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí a dá lẹ́bi ìwà ipá láàrín ọdún 5 tí ó ṣáájú. Ẹ rí i pé òfin kò wí pé kí ọdẹ má ní ìbọn; ohun tí ó wí ni pé kí ọdẹ jíhìn.

Ìṣòro ni pé ìbọn kì í mọ ọjọ́ tí ogun parí. Ogun abẹ́lé wa parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970, ṣùgbọ́n àwọn ìbọn rẹ̀ kò parí. Ọ̀pọ̀ bọ́ sí ọwọ́ àwọn adigunjalè, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ológun fi ṣe òfin ní ọdún náà gan-an pé ikú ni ìjìyà ìdigunjalè. Ní 1971, a bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn tí a dá lẹ́bi ní gbangba ní Bar Beach ní Èkó. Ní oṣù Kẹsàn-án ni a pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, ọ̀gá adigunjalè tí òkìkí rẹ̀ kàn. Èrò wò ó, wọ́n hó yèè, wọ́n sì lọ sílé. Ìdigunjalè kò tán.

Ó lè dàbí ẹni pé a ti rí ìdáhùn báyìí: kí ìbọn wà lọ́wọ́ ìjọba nìkan. Níbi yìí ni Ìsọlọ̀ ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, iná ran ibi tí a kó bọ́m̀bù àti ọta pamọ́ sí nínú bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Ilẹ̀ mì, fèrèsé fọ́, ojú ọ̀run pọ́n. Àwọn ará ìlú rò pé ogun dé, wọ́n sì ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ sá gba apá Ìsọlọ̀. Nínú òkùnkùn, wọ́n dé ibi omi tí a gbẹ́ ní Òkè-Àfà, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní kánààlì. Koríko ti bo ojú omi náà, wọ́n sì ṣe bí ilẹ̀ ni. Ẹni iwájú rì, ẹni ẹ̀yìn kò mọ̀, ó ń ti ẹni iwájú. Ó kéré tán, 600 ènìyàn ni ó kú sínú omi náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Gbogbo àwọn tí jàǹbá náà pa sì ju 1,000 lọ.

Kò sí ọ̀tá kan tí ó yìnbọn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí adigunjalè kan níbẹ̀. Ohun ìjà tí a rà láti dáàbò bo ará ìlú ni, tí a kó sí àárín ìlú, tí a kò sì tọ́jú bí ó ti yẹ. Àwọn ọ̀gá ológun fúnra wọn wí pé ilé ìpamọ́ náà ti gbó, àti pé a ti ń gbèrò láti tún un ṣe kí jàǹbá tó dé. Nítorí náà, bí ó ti yẹ kí ọdẹ jíhìn ṣakabùlà kan, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìjọba jíhìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn àti bọ́m̀bù.

Àríyànjiyàn náà tún gbóná ní ọdún àìpẹ́ yìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Ìbàdàn, láti ran ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn apànìyàn wọ ilé ìjọsìn Àgùdà ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ó kéré tán 40 ènìyàn tí ó wá sin Ọlọ́run. Lẹ́yìn èyí ni Gómìnà Rótìmí Akérédolú wí pé òun yóò ra ìbọn tí ó lágbára fún Àmọ̀tẹ́kùn ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítorí ṣakabùlà kò lè dúró níwájú ìbọn AK-47. Ìjọba àpapọ̀ kọ̀, nítorí pé Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ní Èkó, àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí òfin 2016 dá sílẹ̀ ń ṣọ́ ìlú láìgbé ìbọn. Ojú àti etí ni wọ́n jẹ́ fún ọlọ́pàá.

Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá pàápàá kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe kejì sí ìwé òfin wọn, ti 1791, fi ẹ̀tọ́ ìbọn níní lélẹ̀. Ní 2008 ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wọn sì wí pé ẹ̀tọ́ olúkúlùkù ni. Ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ 16 àti olùkọ́ wọn ní ìlú Dunblane ní ilẹ̀ Scotland ní 1996, ìjọba ka ìbọn ìléwọ́ léèwọ̀ ní 1997. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ro iye ọmọ tí ó wà ní kíláàsì yín, ẹ óò mọ ìdí rẹ̀.

Kí ni a ó wí nígbà náà? A kò gbà pé kí ìbọn wọ gbogbo ilé. Òwu, Kírìjì àti Bar Beach ti fi hàn wá pé ìbọn tí a rà nítorí ìbẹ̀rù òní yóò wà láàyè lẹ́yìn ìbẹ̀rù náà, yóò sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ṣùgbọ́n a kò gbà pẹ̀lú pé òfin ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá gba ìbọn lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí kò sì rán ẹ̀ṣọ́ sí i. Òfin tí ó gba ohun ìjà ènìyàn ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ààbò. Ìjọba tí kò san gbèsè yìí ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ìbọn fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí ẹ bá ń gba Òṣòdì kọjá, ẹ rántí jagunjagun tí àdéhùn mú padà wálé. Nígbà tí ẹ bá dé Òkè-Àfà, ẹ dákẹ́ díẹ̀ fún àwọn tí kò dé ilé mọ́. Nígbà tí ó bá sì kan ìran yín láti ṣe òfin, ẹ má ṣe bèèrè ẹni tí ó ní ìbọn nìkan. Ẹ bèèrè pẹ̀lú ẹni tí ó ń jíhìn rẹ̀.