Àwọn Olùjábọ̀ Pàtàkì lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn àti Ọ̀ràn Nàìjíríà, 1995 sí 1999

Olùjábọ̀ pàtàkì ni ẹni tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn láti wádìí bí ìjọba orílẹ̀-èdè kan ṣe ń ṣe sí àwọn ènìyàn rẹ̀, tàbí bí irú ìwà àìtọ́ kan ṣe ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé, tí yóò sì padà wá jábọ̀ fún àwọn tó rán an. Irú ìwà àìtọ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìdálóró, ìpànìyàn láìsí ìdájọ́, tàbí dídí ọwọ́ àwọn adájọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Olùjábọ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ Àjọ náà, kì í sì í ṣe aṣojú ìjọba ilẹ̀ rẹ̀. Kò gba owó oṣù lórí iṣẹ́ yìí. Adájọ́, agbẹjọ́rò tàbí olùkọ́ ní yunifásítì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ náà kún iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Láàárín ọdún 1995 sí 1999, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ jábọ̀ lé lórí. Ìtàn ọdún mẹ́rin náà jẹ́ àpẹẹrẹ kedere nípa ohun tí ìjábọ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ iṣẹ́ náà

Ọdún 1946 ni wọ́n dá Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sílẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní ọdún 1947, Àjọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò ní agbára láti ṣe ohunkóhun lórí ẹ̀sùn tí àwọn ènìyàn bá fi sun òun. Fún nǹkan bí ogún ọdún, ìwé ẹ̀sùn ń wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò dìde lọ wo ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Éṣíà tí wọ́n gba òmìnira lẹ́yìn ọdún 1957 ni wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Gúúsù Áfíríkà ni ó ká wọn lára jù lọ. Ní ọdún 1967, Àjọ náà yan ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ láti wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn tó wà ní àtìmọ́lé ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún kan náà, ó gba àṣẹ láti máa yẹ ọ̀rọ̀ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ńlá wò ní orílẹ̀-èdè yòówù. Ìgbìmọ̀ lórí ilẹ̀ Ṣílè tẹ̀ lé e ní 1975, èyí tó ń wá àwọn tí ìjọba gbé lọ tí a kò rí mọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1980. Ní ọdún 1982, agbẹjọ́rò ará Kẹ́ńyà kan, Amos Wako, di olùjábọ̀ pàtàkì àkọ́kọ́ lórí ìpànìyàn láìsí ìdájọ́ tó tọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà, ọ̀ràn Áfíríkà àti àwọn ọmọ Áfíríkà wà nínú ìpìlẹ̀ ètò náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni olùjábọ̀ ń gbà ṣiṣẹ́. Èkíní ni ìwé kíkọ. Nígbà tí ẹ̀sùn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ìyà jẹ, ẹbí rẹ̀, agbẹjọ́rò rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, lẹ́yìn náà yóò kọ̀wé sí ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn pé kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Bí ẹ̀mí ẹnìkan bá wà nínú ewu, ìwé kánjúkánjú ni yóò fi ránṣẹ́, kò ní í dúró de ìwádìí kíkún.

Èkejì ni àbẹ̀wò. Olùjábọ̀ kò lè wọ orílẹ̀-èdè kankan láìjẹ́ pé ìjọba ibẹ̀ pè é. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá pè é, àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ dù ú: kí ó rìn fàlàlà, kí ó wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí ó bá àwọn tí a tì mọ́lé sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ láìsí wọ́dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ má sì jìyà rẹ̀ lẹ́yìn tó bá lọ tán.

Ẹ̀kẹta ni ìjábọ̀ gan-an. Títí di ọdún 2006, lọ́dọọdún ni wọ́n ń kà á ní Geneva níwájú Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, a sì máa ń gbé òmíràn lọ sí Àpéjọ Gbogbogbò ní New York. Ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀, èsì ìjọba wà nínú rẹ̀, èrò olùjábọ̀ àti ìmọ̀ràn rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Yorùbá ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Orí ìlànà yìí ni wọ́n fi gbígbọ́ tẹnu ìjọba lélẹ̀.

Ìjábọ̀ kì í ṣe ìdájọ́. Olùjábọ̀ kò ní ọlọ́pàá, kò sì lè ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n kankan. Agbára tó ní ni pé ohun tó kọ di àkọsílẹ̀ ní gbangba ayé, tó fi jẹ́ pé ìjọba kò ní lè sọ mọ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun. Yorùbá tún ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ìṣòro olùjábọ̀ ni pé àwọn ìjọba ni wọ́n rán an níṣẹ́, ìjọba tó sì ń jábọ̀ lé lórí lè jókòó láàárín wọn.

Ọ̀ràn Ogoni àti ikọ̀ Amega

Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1994, wọ́n pa àwọn aṣáájú Ogoni mẹ́rin ní Giokoo: Edward Kobani, Albert Badey, Samuel Orage àti Theophilus Orage. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha mú òǹkọ̀wé Ken Saro-Wiwa, aṣáájú ẹgbẹ́ MOSOP tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ará Ogoni lórí ilẹ̀ àti epo wọn, àti àwọn mìíràn. Ilé-ẹjọ́ àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin ológun ọdún 1987 ni ó gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ológun kan jókòó pẹ̀lú àwọn adájọ́ méjì, kò sì sí àyè láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn: ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gágun tó ń ṣàkóso ilẹ̀ nìkan ni ó lè fọwọ́ sí ìdájọ́ tàbí kí ó yí i padà. Ní òpin oṣù Kẹwàá ọdún 1995, wọ́n dá ikú fún Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Ìgbìmọ̀ ológun fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ 10 ni wọ́n yẹgi fún wọn ní Port Harcourt.

Àjọ Ilẹ̀ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tó fìdí kalẹ̀ sí Banjul, ti bẹ ìjọba pé kí ó dá ọwọ́ dúró títí òun yóò fi gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá síwájú òun. Wọn kò dáhùn. Ọjọ́ méjì péré tó wà láàárín ìfọwọ́sí àti ìyẹgi fi hàn ibi tí ètò ìjábọ̀ ti kù díẹ̀ káàtó: ìpàdé tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà náà kò lè sáré bá okùn. Ní ọjọ́ kejì, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pàdé ní Auckland dá Nàìjíríà dúró. Nínú oṣù Kejìlá, Àpéjọ Gbogbogbò náà bẹnu àtẹ́ lu ọ̀ràn yìí.

Akọ̀wé Àgbà, Boutros Boutros-Ghali, wá rán ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta wá sí Nàìjíríà nínú oṣù Kẹta àti Kẹrin ọdún 1996. Atsu-Koffi Amega, tó ti ṣe olórí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Tógò rí, ni ó ṣáájú wọn, V. S. Malimath, adájọ́ ará Íńdíà, àti John Pace wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n jábọ̀ pé ìgbẹ́jọ́ náà kò bá òfin àgbáyé tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí mu. Wọ́n gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí ó tún òfin ilé-ẹjọ́ àkànṣe náà ṣe, kí ó sì yan àwọn amòfin tí yóò ṣètò ìrànwọ́ fún ẹbí àwọn tí wọ́n pa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba yọ ológun kúrò nínú ilé-ẹjọ́ àkànṣe, ó sì dá ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ kòtẹ́milọ́rùn padà. Ó tún fagi lé òfin ológun kẹrìnlá ti ọdún 1994 tí kò jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí a gbé ẹni tí a tì mọ́lé wá síwájú òun. Àwọn àtúnṣe wọ̀nyí kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n wọ́n dé lẹ́yìn tí àwọn mẹ́sàn-án ti kú. Òfin kejì ti ọdún 1984, tó fún ìjọba lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, ṣì dúró digbí. Àwọn ará Ogoni bí ogún tí wọ́n fi irú ẹ̀sùn kan náà kàn ṣì wà ní àtìmọ́lé.

Àbẹ̀wò tí kò wáyé

Nínú oṣù Kẹrin ọdún 1996, Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní kí olùjábọ̀ méjì jọ wádìí Nàìjíríà: Bacre Waly Ndiaye ará Sẹ̀nẹ̀gà, tó ń rí sí ìpànìyàn láìsí ìdájọ́, àti Param Cumaraswamy ará Màléṣíà, tó ń rí sí òmìnira àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò. Oṣù púpọ̀ kọjá lórí ìwé àti èsì. Nígbà tí ó hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1997 pé ìjọba kò ní jẹ́ kí wọ́n rí àwọn kan tí ó tì mọ́lé, àwọn méjèèjì kọ̀ láti wá.

Kíkọ̀ yìí ní ìdí. Àwọn ẹni tí ọ̀ràn dùn jù wà lẹ́yìn ògiri: Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, Dókítà Béèkó Ransome-Kútì, àti àwọn akọ̀ròyìn bíi Kúnlé Ajíbádé, tí ilé-ẹjọ́ ológun dá ẹ̀wọ̀n fún ní 1995. Bí olùjábọ̀ bá wá, tí wọ́n fi yàrá tó mọ́ hàn án, tí kò sì rí àwọn wọ̀nyí, orúkọ rẹ̀ ni ìjọba yóò fi bo àṣírí ara rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí wọ́n rí kà ni wọ́n fi kọ ìjábọ̀ wọn: ìwé òfin, èsì ìjọba, àti ẹ̀rí tí àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ Nàìjíríà bíi Civil Liberties Organisation àti Constitutional Rights Project kó jọ. Láìsí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi sílẹ̀ nígbà tí ó léwu láti ṣe bẹ́ẹ̀, kò bá má sí ohun tí wọn yóò jábọ̀.

Olùjábọ̀ lórí Nàìjíríà

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1997, Àjọ náà pinnu láti yan olùjábọ̀ tí Nàìjíríà nìkan yóò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Tiyanjana Maluwa ará Màláwì ni wọ́n kọ́kọ́ yàn. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, Soli Sorabjee, gbajúgbajà agbẹjọ́rò ará Íńdíà, gbà á. Ìjọba kò jẹ́ kí ó wá. Láti òkèèrè ni ó ti kọ ìjábọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1998, tó sì sọ pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀tọ́ gbilẹ̀, òfin ológun sì ti so ọwọ́ àwọn ilé-ẹjọ́.

Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1998. Abíọ́lá náà kú ní àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù Keje. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tó gba ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú sílẹ̀. Àwọn ará Ogoni náà jáde nínú oṣù Kẹsàn-án. Nínú oṣù Kọkànlá, Sorabjee wọ Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìjábọ̀ rẹ̀ kejì gbóríyìn fún ìyípadà náà, síbẹ̀ ó tọ́ka sí àwọn òfin ológun tó kù àti ìnira inú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1999, Àjọ náà parí iṣẹ́ olùjábọ̀ lórí Nàìjíríà. Kí àwọn ológun tó kúrò lórí oyè ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, wọ́n fagi lé òfin kejì ti ọdún 1984 pẹ̀lú ọ̀pọ̀ òfin mìíràn.

Kò tọ́ kí a sọ pé ìjábọ̀ ni ó lé àwọn ológun lọ. Ikú Abacha, ìjà àwọn ọmọ Nàìjíríà nílé àti lẹ́yìn odi, àti ìyàsọ́tọ̀ tí ayé fi ilẹ̀ náà sí, gbogbo wọn ló ní ipa. Ohun tí ìjábọ̀ ṣe ni pé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àtòkọ ohun tó yẹ kí a tún ṣe ti wà nílẹ̀.

Ààbò olùjábọ̀

Lásìkò kan náà, wàhálà dé bá Cumaraswamy fúnra rẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ tó bá ìwé ìròyìn kan sọ lórí àwọn ilé-ẹjọ́ Màléṣíà ní 1995, àwọn ilé-iṣẹ́ kan pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́ nílùú rẹ̀, wọ́n sì ń béèrè owó gọbọi. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1999, ilé-ẹjọ́ náà sọ pé olùjábọ̀ ní ààbò òfin lórí ohun tó bá sọ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kódà ní ilẹ̀ baba rẹ̀. Láìsí ààbò yìí, ẹni tó ń wádìí ìjọba lè di ẹni tí ẹjọ́ ń sọ di aláìní.

Lẹ́yìn ọdún 1999

Ní ọdún 2006, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn rọ́pò Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn olùjábọ̀ ń bá a lọ. Philip Alston bẹ Nàìjíríà wò ní 2005 lórí ìpànìyàn láìsí ìdájọ́, Manfred Nowak ní 2007 lórí ìdálóró, Agnès Callamard sì wá ní 2019. Nowak jábọ̀ pé ìdálóró ti di ara iṣẹ́ àwọn agbófinró. Ọdún 2017 ni Nàìjíríà tó ṣe òfin tó ka ìdálóró sí ọ̀ràn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ayé, bíi Joy Ezeilo, olùjábọ̀ lórí fífi ènìyàn ṣòwò láti 2008 sí 2014.

Nílé, ìjọba Ọbásanjọ́ yan Adájọ́ Chukwudifu Oputa ní 1999 láti wádìí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀tọ́ láyé àwọn ológun. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ́rìí níwájú rẹ̀ ní gbangba, ó sì fi ìjábọ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 2002, ṣùgbọ́n ìjọba kò tẹ̀ ẹ́ jáde fún ará ìlú. Ìjábọ̀ Amega, ti Ndiaye àti Cumaraswamy, àti ti Sorabjee ṣì wà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yòówù ti lè kà wọ́n.