Ọdún Òkè'bàdàn Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Ìtàn

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà lọ́dọọdún, àṣà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti dáná ní Ìbàdàn. Nígbà tí a gba Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà'ba ní ọjọ́ náà, àwọn alákàrà kò gbé epo kaná. Ẹ̀kọ tútù ni wọ́n ń jẹ. (Àwọn kan ń dá iná gáàsì nínú yàrá, kí a má purọ́.) Àwọn ọ̀dọ́ ń kọrin èébú láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń dárúkọ ohun tí a kì í dárúkọ ní gbangba, ẹni tí wọ́n bú kò sì gbọdọ̀ bínú. Abọkè, tí í ṣe àwòrò, dirun, ó sì múra bí obìnrin, nítorí obìnrin ni òrìṣà òkè náà: Atàgẹ Ọlọ́mú-orù.

Ìbéèrè tí bébà yìí gbé dìde ni pé, ta ni ó ni ọdún yìí? Ìwé Samuel Johnson, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, fi yé wa pé abúlé Ẹ̀gbá ni Ìbàdàn kí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tó sọ ọ́ di ibùdó ní nǹkan bí 1829. Àwọn ọmọ ìlú ní tiwọn ń sọ ti Lágelú: wọ́n tú aṣọ eégún lọ́jà, ogun dé, ìlú parẹ́, àwọn tí ó kù sì sá gun òkè, níbi tí wọ́n ti ń jẹ èso òro àti ìgbín.

Mélòó kan nínú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa yóò sọ pé ìtàn Lágelú kò ní déètì tí a lè gbára lé. A gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ìlú tí Ìbàdàn jẹ́. Ìlú tí ó dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, kí ló dé tí ọdún rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ fi jẹ́ ti ebi àti ti ìsáǹsá? Jagunjagun kì í dá irú ọdún bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Èrò wa ni pé àwọn àlejò 1829 bá òrìṣà náà nílẹ̀ ni, wọ́n sì ń bọ ọ́ nítorí pé tirẹ̀ ni ilẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n kó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1830 náà ní Olúmọ, àpáta tí ó fi wọ́n pamọ́. A mọ̀ pé ẹnìkan lè ní ìsáǹsá kan náà ni ó bí ìtàn méjèèjì.

Èèwọ̀ iná ni kò jẹ́ kí a gba ìyẹn tán. Kò sí ohun tí ó ń tú àṣírí ẹni tí ó sá pamọ́ sórí òkè bí èéfín. Lójú tiwa, ohun tí àwọn alákàrà Ọjà'ba ń ṣe lọ́jọ́ náà ni ohun tí àwọn tí ó wà lórí òkè ṣe kí ọ̀tá má baà rí wọn.