Ẹni tó wà nídìí "pizza" táwọn ọmọdé ń ṣe lórí yìnyín

Ṣé ẹ ti rí fídíò àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ski? Wọ́n á tẹ orúnkún, iwájú ski méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ẹ̀yìn ẹ̀ á yà gbàgà. "Ṣe pizza!" ni wọ́n máa ń sọ fáwọn ọmọdé. Pizza yẹn ní ìtàn o, ìtàn ọ̀hún sì gba ẹ̀wọ̀n àwọn Násì kọjá.

Tí ski bá tọ́ gbọọrọ, kò sóhun tó máa dá èèyàn dúró, eré lásán ni. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti gìgísẹ̀ méjèèjì síta, etí ski tó wà nínú á máa ha yìnyín, eré á sì dín kù. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò ga, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú, ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Béèyàn bá tiẹ̀ gbàgbé gbogbo ẹ̀, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ á dá a dúró.

Mathias Zdarsky ti ń kọ́ àwọn èèyàn nírú ẹ̀ ní Lilienfeld, ní Austria, kí 1900 tó dé. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń lò. Àmọ́ ẹni tó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ gidi ni Hannes Schneider, tí wọ́n bí ní 1890 ní Stuben, abúlé kan lágbègbè Arlberg. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kọ́ àwọn sójà Austria ní ski. Ní 1921 ó dá ilé ẹ̀kọ́ ski sílẹ̀ ní St. Anton. Ó pín wọn sí kíláàsì: pizza lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa fi ski kan ṣí láti yà, lẹ́yìn náà kí wọ́n kó méjèèjì pọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ẹ̀ wà. Ẹni tẹ́rù ń bà náà ti ní kíláàsì tiẹ̀.

Ní 1931 ó ṣeré nínú fíìmù Arnold Fanck kan, Der weiße Rausch. Leni Riefenstahl ló ṣe ọmọbìnrin tó ń kọ́ ski nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Riefenstahl yẹn náà, tó padà wá ń ṣe fíìmù fún Hitler.

Schneider ní tiẹ̀ ò fẹ́ rí àwọn Násì sójú, kò sì fi pamọ́. Ní March 1938, bí wọ́n ṣe gba Austria báyìí, wọ́n gbé e jù sẹ́wọ̀n. Ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ta ló yọ ọ́? Ọ̀gá báǹkì kan ní New York, Harvey Gibson. Ọmọ North Conway ní New Hampshire ni, òun ló sì ni òkè ski Cranmore níbẹ̀. Báǹkì ẹ̀ ń bá Jámánì ṣòwò, ó sì mọ bó ṣe máa lo ìyẹn.

February 1939, Schneider àti ìdílé ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní North Conway. Àwọn ará ìlú tò sọ́tùn-ún sósì, wọ́n na ọ̀pá ski sókè, wọ́n fi pàdé lókè orí, ìdílé náà sì gba abẹ́ ẹ̀ kọjá.

Ọmọ ẹ̀, Herbert, wọ 10th Mountain Division, àwọn sójà orí òkè ti Amẹ́ríkà, ó sì lọ jagun ní Ítálì. Bàbá ń bá iṣẹ́ kíkọ́ni lọ ní Cranmore. North Conway ló ń gbé títí tó fi kú ní 1955.