Ẹ̀wù tí Lewis Hamilton wọ̀ ní Mugello

Àwa tí a ń wo eré ọkọ̀ Formula 1 ò lè gbàgbé ọjọ́ 13, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2020. Lewis Hamilton gba ipò kìíní ní Mugello, nílẹ̀ Ítálì, ló bá gun orí pèpéle pẹ̀lú ẹ̀wù dúdú tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n mú àwọn ọlọ́pàá tó pa Breonna Taylor. Inú ilé obìnrin aláwọ̀ dúdú yìí ní Louisville, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n yìnbọn pa á sí lóṣù kẹta ọdún náà.

Àwọn olólùfẹ́ eré náà pín sí méjì. Àwọn kan ní ó káre; àwọn mìíràn ní kí wọ́n má mú òṣèlú wọ eré. Àjọ FIA kò fìyà jẹ ẹ́, àmọ́ wọ́n ṣòfin pé aṣọ ìdíje tí a fà pa dé ọrùn nìkan ni awakọ̀ á máa wọ̀ lórí pèpéle.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1968 ní Mẹ́síkò, wọ́n lé Tommie Smith àti John Carlos kúrò ní Òlíḿpíìkì torí ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n nà sókè. Lónìí, ère wọn ti wà ní yunifásítì tí wọ́n ti kàwé.

Àwa tí a wà nílùú onílùú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sísọ ò rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí lẹ rí sí i?