Ọkùnrin Tó Di Ẹ̀mú Mú

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1844, nílùú Hartford ní Amẹ́ríkà, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Horace Wells jókòó sórí àga tí àwọn aláìsàn máa ń jókòó sí. Ó fa gáàsì kan símú títí tí kò fi mọ ibi tó wà mọ́. Wọ́n yọ ọ̀kan nínú eyín rẹ̀. Nígbà tó lajú, ó ní òun ò mọ ìrora kankan.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Wells lọ wo eré kan tí Gardner Colton ń ṣe nígboro. Ṣe ni Colton ń fún àwọn èèyàn ní gáàsì apanilẹ́rìn-ín, káwọn òǹwòran lè rí wọn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú wọn fara pa lẹ́sẹ̀, kò sì mọ̀. Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín, Wells ń ronú. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ yọ eyín, ojú rẹ̀ ló máa ń là sílẹ̀ jẹ ìrora náà.

Ìtàn Wells ò dára lópin. Nígbà tó lọ fi iṣẹ́ náà hàn ní Boston ní 1845, aláìsàn ké, wọ́n sì pe Wells ní ẹlẹ́tàn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni William Morton, tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí, lo ether níwájú àwọn dókítà ìlú kan náà, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn. Wells gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1848, lẹ́ni ọdún 33.

Àmọ́ ta ló di ẹ̀mú mú lọ́jọ́ tí wọ́n yọ eyín Wells? John Riggs ni. Ọ̀dọ̀ Wells ló ti kọ́ṣẹ́ eyín. Ọkùnrin tó yọ eyín láìsí ìrora yìí ló wá fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ jà kí wọ́n má yọ eyín mọ́.

Ẹni tó bá kọ́ Yorùbá níléèwé á rántí “àfèrìgìpè”. Èrìgì ni ẹran ara tó yí ìdí eyín ká. Bí ìdọ̀tí àti kòkòrò àìfojúrí bá lẹ̀ mọ́ eyín tí a ò fọ̀ ọ́ kúrò, á le bí òkúta. Èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Tó bá yá, á máa ṣí kúrò lára eyín, ìdọ̀tí á tún wọ àárín wọn, egungun tó gbé eyín dúró á sì máa jẹ lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kì í sábà dunni, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tètè fura.

Ọ̀pọ̀ dókítà ayé Riggs gbà pé inú ara aláìsàn ni àrùn yìí ti ń wá. Àwọn kan ń gé èrìgì dànù, àwọn mìíràn ń yọ eyín. Gáàsì àti ether sì ti mú kí yíyọ rọrùn. Riggs ò gbà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní ìdọ̀tí líle ara eyín ló ń ṣèrìgì níkà. Ó ki irin tín-ín-rín sábẹ́ èrìgì, ó ha ìdọ̀tí náà kúrò, ó sì dán ara eyín. Ó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1876, àwọn èèyàn sì ń pe àìsàn náà ní àrùn Riggs.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ha eyín o. Al-Zahrawi, oníṣẹ́ abẹ ìlú Córdoba tó kú ní 1013, ti ya àwòrán àwọn irin tí wọ́n fi ń ha á sínú ìwé rẹ̀.

Ní 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, ní Denmark, ní kí èèyàn 12 má fọ eyín mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti wú. Wọ́n padà sídìí fífọ eyín, ó sì lọ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Lónìí, iṣẹ́ Riggs náà ni dókítà ṣì ń kọ́kọ́ ṣe. Bí àárín èrìgì àti eyín bá ti jìn jù, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora, wọ́n á ṣí èrìgì, wọ́n á nu ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì rán an padà. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn ò bá ràn án ni ẹ̀mú kàn.

Ẹ ṣì máa ń gbọ́ pé tí dókítà bá fọ eyín, ó máa mì. Eyín náà ti ń mì tẹ́lẹ̀. Ìdọ̀tí tó le bíi sìmẹ́ǹtì ló so ó pọ̀ mọ́ èkejì rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì yín láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn yín.